Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí á sọ pé a rí erin." Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, a sì ti fi bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ọmọdé kan sáré wọ àgbàlá wa, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ti gbá Ọ̀pẹ lójú ọ̀nà.

Ọ̀pẹ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un ní orúkọ yìí ní kíláàsì wa, nítorí pé láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni orí rẹ̀ ti ń kan àtẹ́rígbà. Nígbà tí ó dàgbà tán, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 196, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í fi gíga rẹ̀ yan ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn tí ó kúrò ní ilé-ìwé, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tí ń tún ojú ọ̀nà ńlá ṣe. Ẹni tó bá mọ Datcha mọ ọ̀nà náà: Route Nationale 1 ni, èyí tó ti Lomé lọ títí dé ààlà Burkina Faso, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kí ó tó wọ Atakpamé. Orí rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà láti èbúté Lomé lọ sí Burkina, Mali àti Niger, tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ Ọ̀pẹ ni láti dúró ní ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ó máa fi àtẹ pupa dá ọkọ̀ dúró, kí ó sì máa fi èyí tó ní àwọ̀ ewé jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fún un ní aṣọ iṣẹ́, ó wá fi hàn wá tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀wù tí gbogbo wa ń pè ní gilet ni, aláwọ̀ òféèfèé tó ń kọ yànràn, pẹ̀lú ọ̀já fàdákà méjì tó yí i ká. Ṣùgbọ́n etí bẹ́líìtì ni ìsàlẹ̀ ẹ̀wù náà parí sí, ọ̀já òkè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ abíyá. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ sókè láti fi bí yóò ṣe máa dá ọkọ̀ dúró hàn wá, gbogbo rẹ̀ sún kọjá ìdodo. A bú sẹ́rìn-ín. A ní, "Ọ̀pẹ, ẹ̀wù ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́ yìí!" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà, pé taille unique ni." Ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló ń dùn wá títí di òní. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní físíìsì, tí à ń ya ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ sójú pátákó lọ́dọọdún, àwa náà rí ẹ̀wù tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára ọmọ tí a kọ́, a sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọlọ́run yọ ọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ló gbá a léjìká, ó dá eegun apá rẹ̀. Awakọ̀ náà kò sá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. A bá a níbẹ̀ tó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Mo rí nǹkan tó ń tàn níwájú. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn àmì tí wọ́n máa ń gbé sójú ọ̀nà ni. N kò mọ̀ pé ènìyàn ni." Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni òwe àwọn àgbà sọ sí wa lọ́kàn. Ó rí nǹkan fìrí. Ẹ̀wù náà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó yẹ kí ó sọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu láti mọ ẹ̀wù yìí ní àmọ̀dájú. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ní ọ̀sán, àwọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọ̀ òféèfèé tàbí àwọ̀ ọsàn yẹn ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet, ó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Ìdí nìyí tí ó fi ń yọ sí ojú ju aṣọ mìíràn lọ, pàápàá ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, iṣẹ́ àwọ̀ parí, ti ọ̀já fàdákà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wínníwínní kún ojú wọn, tí wọ́n ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá. Ẹni tó bá ti bá ọdẹ rìn lóru mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ yóò tan iná orí rẹ̀ sínú igbó, ojú ẹtu yóò sì kọ mànà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò ní iná lórí, lè má rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já náà rí: awakọ̀ tó tan iná ló ń dáhùn.

Irú aṣọ yìí kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1964, ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn dán an wò lára àwọn tí ń tún ojú irin ṣe, kí àwọn awakọ̀ ojú irin lè tètè rí wọn. Ní Faransé, láti ọdún 2008 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń wakọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí àwọn tó gbà pé ìjọba kò rí àwọn gbé e wọ̀ jáde sí oríta. Ohun tí ẹ̀wù náà ń sọ kò yí padà láti Glasgow títí dé Paris: ènìyàn wà níbí, ẹ wò ó.

Ṣùgbọ́n báwo ni awakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn ni? Ní ọdún 1973, Gunnar Johansson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó fi àmì tó ń tàn sí oríkèé ara àwọn ènìyàn: èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó ya fíìmù wọn lọ́nà tó jẹ́ pé àmì wọ̀nyí nìkan ló hàn nínú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n bá dúró sójú kan, àwọn òǹwòran kò rí ju ìtòtò-iná lásán lọ. Bí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, kíá ni gbogbo òǹwòran mọ̀ pé ènìyàn ló ń rìn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà lára ló ń sọ ohun tí ara náà jẹ́. Ọ̀já tó wà ní ìbàdí, ní èjìká àti ní ẹsẹ̀ ń ya àwòrán ènìyàn sí ojú òkùnkùn. Bí ọ̀já méjì bá kó jọ sí àyà nìkan, àwòrán pákó tí wọ́n kàn mọ́ igi ni wọ́n yà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Ọ̀pẹ. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì rò ó bóyá ènìyàn ni tàbí àmì ojú ọ̀nà, mítà 44 ti lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: iná ọkọ̀ tí a bá rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ló kọjú sí. Bí nǹkan bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á ṣe ń dín kù. Nítorí náà, ẹ̀wù tó sún lọ sí òkè àyà ẹni gíga ti jìnnà sí iná tí ì bá jẹ́ kí ó tàn. Ohun tí àwa pè ní ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wá hàn wá, ìṣirò ìyè àti ikú ni.

Nígbà tí apá rẹ̀ ń san, a ní kí a ra òmíràn fún un. Níbẹ̀ ni a tún ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. A lọ sí ọjà, a bèèrè èyí tó tóbi jù lọ, wọ́n fún wa ní XXL, a sì gbé e wálé bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Nígbà tí ó wọ̀ ọ́, inú ẹ̀wù náà gba irú rẹ̀ méjì. Atẹ́gùn kó sínú rẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá, bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi ìka mẹ́ta gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. A gbé e tọ ìyá aránṣọ kan lọ ní àdúgbò wa, pé kí wọ́n bá wa fún un ní ìhà, kí wọ́n sì fi aṣọ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbójú sókè wo Ọ̀pẹ, wọ́n ní, "Olùkọ́, gígùn ni ọmọ yìí ń wá, ìbú lẹ rà fún un." Wọ́n ní aṣọ tí àwọn ní nílé kì í tàn bí ti ẹ̀wù náà, àti pé bí àwọn bá gé ọ̀já rẹ̀, kò ní yí ara ká mọ́. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ kọ́kọ́ wọn ọmọ náà?"

A kò wọ̀n ọ́n. Ìtìjú bá wa. Bí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹbí dá aṣọ, ta ni nínú wa tí kì í lọ gba ìwọ̀n lọ́dọ̀ aránṣọ? A ó wọn ọrùn, a ó wọn apá, a ó wọn gígùn dé kókósẹ̀; bí bùbá bá fi ìka kan kúrú, a ó dá a padà. Datcha tí à ń gbé yìí sì ni ìlú tí ilé iṣẹ́ aṣọ sọ di olókìkí ní Tógò. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó wà níhìn-ín ló ti ṣiṣẹ́ nídìí òwú àti aṣọ. Síbẹ̀, aṣọ ayẹyẹ ọjọ́ kan ni à ń wọ̀n; èyí tí ọmọ ènìyàn yóò fi dúró níwájú ọkọ̀ láti oṣù dé oṣù, à ń fún un bí ẹni ń pín àpò ìyọ̀.

Ìyá yẹn mú okùn ìwọnṣọ, wọ́n wọ̀n ọ́n níṣojú wa. Wọ́n ní kí ó wọ aṣọ iṣẹ́ tó nípọn jù lọ ná, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹ̀wù náà yóò wà. Wọ́n wọn àyà rẹ̀ yíká. Wọ́n wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti eegun ọrùn dé ìgbáròkó: sẹ̀ǹtímítà 74. Ẹ̀wù tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ kò ju 54 lọ. Ogún sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín méjèèjì.

Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí lọ́wọ́, a gba Lomé lọ. A rí i pé lára àmì tí wọ́n rán mọ́ inú ẹ̀wù tó bófin mu, àwòrán ènìyàn kékeré kan wà tí wọ́n kọ nọ́ḿbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan fún ìyíká àyà, òmíràn fún gíga. Lẹ́tà S, M, L kò tó. Nọ́ḿbà gíga ni ẹni tó ga gbọ́dọ̀ wá. Lára àmì náà ni wọ́n tún ń kọ EN ISO 20471 sí, ìlànà tó jáde ní ọdún 2013. Ó pín aṣọ wọ̀nyí sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kejì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdajì mítà oníhà mẹ́rin aṣọ tó ń tàn, àti 0,13 mítà oníhà mẹ́rin ọ̀já. Ti ìpele kẹta jẹ́ 0,80 àti 0,20, kò sì sí gilet aláìlápá tó lè dá dé ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní apá ọlọ́jàá, tàbí kí a fi ṣòkòtò ọlọ́jàá kún un. Ọ̀já kò gbọdọ̀ fẹ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán ni yóò sì wà láàárín èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti etí ẹ̀wù. A rí ọ̀kan tí gíga rẹ̀ dé 200, tó ní sípù níwájú, a sì ra ṣòkòtò ọlọ́jàá méjì-méjì ní ẹsẹ̀. A wo inú aṣọ òkìrìkà tí àwọn ará Lomé ń pè ní abloni pẹ̀lú. Àwọn tó gùn wà níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ àwọ̀ wọn, ọ̀já wọn sì ti ń ṣí bí èèpo. Ẹ̀wù yìí ní iye ìgbà tí a lè fọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá, aṣọ lásán ló dà.

Nígbà tí a délé, a ní kí ó wọ̀ ọ́ kí ó sì ṣe bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀já ìsàlẹ̀ kò kúrò ní ìbàdí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé òkúta. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò hàn síta. Ó lóṣòó, ó yí ara padà. Sípù dì títí dókè, ọ̀já iwájú pàdé ara wọn láìsí àlàfo. A tún wò ó bóyá ó ṣẹ́kù tí ẹ̀rọ tàbí ìkọ́ ọkọ̀ lè fà mú, kò sí. Ní alẹ́, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jáde sí pápá ìṣeré. A ní kí Ọ̀pẹ dúró ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí wa, kí ó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù àtijọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó tàn án. A bèèrè pé, "Kí ni ẹ rí?" Ọmọbìnrin kan ní pátákó ni. Òmíràn ní alùpùpù ni. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹ̀wù gígùn àti ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjì. Kí a tó bèèrè ni gbogbo wọn ti pariwo pé, "Bùrọ̀dá Ọ̀pẹ ni!"

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé ta ni yóò san owó rẹ̀? Òfin iṣẹ́ Tógò, ìyẹn òfin 2021-012 ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbé ààbò òṣìṣẹ́ lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn. Àdéhùn 155 tí Àjọ Àgbáyé Lórí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe ní ọdún 1981 sọ ọ́ gbangba pé ètò ààbò níbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ná òṣìṣẹ́ ní owó kankan. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. A wo ọrùn ẹni tó ń darí iṣẹ́ ojú ọ̀nà náà. Gilet tirẹ̀ dé ìbàdí, ó ní sípù àti àpò mẹ́rin, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ìwọ̀n wà, nígbà náà. Wọ́n kàn rò pé kò kan ẹni tó ń di àtẹ mú ni.

Ọ̀pẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Apá rẹ̀ kò gòkè tán mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé àtẹ báyìí. Kò bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀rín wa rí, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti gbàgbé rẹ̀. Àwa kò gbàgbé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́lé, tí ẹ ń tún ọ̀nà ṣe, tí ẹ ń rán ọmọ ènìyàn dúró lójú títì, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra ẹ̀wù wọn, ẹ mú okùn ìwọnṣọ dání lọ bá wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di agbaṣẹ́ṣe lọ́la, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹ bá sì rí ẹni gíga kan tí ẹ̀wù rẹ̀ kò ju àyà lọ lójú ọ̀nà wa, ẹ má ṣe bíi tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a bèèrè ọ̀kan tó gùn.